Báírò Pupa Ìyá Kọ́mà

Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Kọ́mà o. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló fún un lórúkọ náà láyé ìgbà tó ṣì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, torí pé bí o bá fi kọ́mà síbi tí kò yẹ kó wà, obìnrin yìí á bá ọ jà bí ẹni pé àpò rẹ̀ lo ti jí i. Ó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà ò fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wá sọ yàrá iwájú ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn ọmọ ti ń gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí tí kò mọ ohun tí kọ́mà jẹ́ pàápàá ń kan ilẹ̀kùn pé ṣé Ìyá Kọ́mà wà nílé. Ó kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá, ó ní àwọn kan ń jẹ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn.

Yàrá náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Tábìlì gígùn kan tí áyọ́ọ̀nù ti jó létí wà níbẹ̀, àti bẹ́ǹṣì méjì, àti fáànù tó máa ń yí orí títí tí á fi há sápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ìwé, ìwé, ìwé, láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Báírò pupa kan kì í kúrò nínú irun rẹ̀. Ohun tó máa ń wí jù lọ nínú yàrá yẹn ni, "Ẹ̀rí dà?" Bí ọmọ bá sọ pé ọ̀dájú ni ọkùnrin inú ìwé, á ní, "Ẹ̀rí dà? Gbé ìka lé e kí n rí i." Bí ọmọ bá ní ìtàn náà dun òun, á ní, "Kí ló kàn mí? Ibo gan-an ló ti dùn ọ́? Ojú ìwé wo? Gbólóhùn wo?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn náà ló yege, tí wọ́n sì padà wá dúpẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí pẹ̀lú orí fífọ́, ó gbé ìwé ìròyìn, ó sì rò pé èdè tí òun ò gbọ́ rí ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó gbé òmíràn. Ó gbé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti fi kọ́ ọmọ láti ọdún gbọọrọ. Àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀, wọ́n dúdú minimini. Kì í ṣe pé kò rí wọn. Ó ń rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, ó ń rí èèrà lára ògiri, àmọ́ kò sí lẹ́tà kan tó bá a sọ̀rọ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan tín-ín-rín kan ló dí nínú ọpọlọ. Nǹkan kan ò ṣe ojú rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Kíkà nìkan ló lọ. Ìyá Kọ́mà ní irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn. Dókítà fún un ní báírò, ó kọ gbólóhùn kan tó gún régé pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀. Dókítà dá ìwé náà padà pé kó kà á. Ó wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò mọ̀ ọ́n. Ó bú sẹ́kún níwájú ẹni tó lè fi bí ọmọ.

Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Kò padà.

Ẹlòmíràn ì bá ti ti ilẹ̀kùn, kó sọ fáráyé pé ara òun ò yá. Ìyá Kọ́mà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun tí kì í pè é àfi lọ́dún tuntun, iṣẹ́ yìí ló ń mú kó jí lówùúrọ̀ kó sì fọ ojú. Bí wọ́n bá yọ ìwé kúrò lára Ìyá Kọ́mà, kí ló kù? Kọ́mà lásán. Ó bo àṣírí ara rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ọmọ, kò sọ ọ́ fún ará ilé kejì.

Ọgbọ́n tó dá rọrùn débi pé wọ́n tún yìn ín sí i. Ó kéde pé láti ìsinsìnyí lọ, kò sẹ́ni tó máa kàn gbé àròkọ sílẹ̀ níwájú òun mọ́. Kí oníkálukú dìde dúró, kó ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè. "Etí ló kọ́kọ́ ń mọ gbólóhùn tó wọ́," ó wí fún wọn, "ojú máa ń gbè sẹ́yìn ẹni." Àwọn ọmọ gbà á gbọ́. Àwọn òbí ní ọgbọ́n tuntun dé. Bí ọmọ bá kà tán, Ìyá Kọ́mà á gba ìwé náà, á wò ó látòkè délẹ̀, á fa àmì pupa síbi tó bá rò pé ohun tó dáa ti dé, á sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tàbí ìbáwí sísàlẹ̀. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń lò fún ìdánwò, ó ti mọ̀ ọ́n sórí kí àìsàn tó dé. Kò sẹ́ni tó fura.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Télọ̀ ọ̀kánkán ilé mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọkùnrin tó ń fi téèpù kọ́rùn lọ síbi gbogbo ni, àní lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà sì rèé, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí bó bá la ẹnu, èèyàn á rò pé rédíò ni wọ́n tàn.

"Màmá," Télọ̀ ní, "iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ yìí fẹ́ ṣe látìgbà tó ti ń fi igi ìṣáná gún bèbí rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Àwọn ìdánwò yòókù, kí wọ́n ṣáà fi pẹ́ńsù kun ihò ìdáhùn ni, ó sì kun tiẹ̀, ó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fọwọ́ kọ yìí ni ò jẹ́ ká rímú mí."

"Ṣé ó ti ṣe é rí ni?"

"Ó ti ṣe é rí o." Télọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ti èṣí, òun fúnra rẹ̀ ló ka èsì fún mi. Ẹ mọ̀ pé èmi ò kàwé. Ó wo fóònù, ó ní, 'Bàbá mi, mo yege.' Mo rán aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ funfun, èmi ni mo rán bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹnu géètì ilé-ìwé wọn la dé kí wọ́n tó sọ fún mi pé kò sí orúkọ tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé aṣọ padà wálé lábẹ́ abíyá."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Aṣọ yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi ọ̀rá bò ó," Télọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Tọdún yìí ni ìgbẹ̀yìn, wọn kì í gba ẹni tó bá ti dàgbà jù. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ẹni tó máa bá òun tọ́jú ìyá ọkọ òun tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó máa lọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa wà. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Kọ́mà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó lè pa irú irọ́ tó gún bẹ́ẹ̀ á lè kọ àròkọ. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó yẹ kó ti gbọ́ ohun tí Télọ̀ sọ. Ọmọ kan ti wo ìwé, ó sì ti ka ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde lẹ́nu, bàbá rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Etí tí Ìyá Kọ́mà ń fi yangàn gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Ìtàn atukọ̀ kan ló wà nínú ìwé ìdánwò ọdún yẹn. Atukọ̀ yìí máa ń gbé èèyàn sọdá odò, ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti ń jò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọkọ̀ fi rì. Ìbéèrè tí Ìyá Kọ́mà fún wọn ni pé, kí ló dé tí atukọ̀ fi dákẹ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ ọ́ pé òṣìkà ni. Ó bi wọ́n pé ẹ̀rí dà. Ó wá kan Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó sì ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara pé atukọ̀ náà kì í ṣe òṣìkà, pé gbogbo àwọn tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti kí i, tí wọ́n ń yìn ín pé kò sí irú rẹ̀ létí odò, pé ó ṣòro fún ẹni tí wọ́n ń yìn láti sọ pé omi ti wọ ọkọ̀ òun.

Ìyá Kọ́mà gba ìwé náà, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fa àmì pupa sí i léraléra, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iṣẹ́ yìí tayọ. Nígbà tó dá a padà, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo ìwé náà títí, ó wo ojú Ìyá Kọ́mà, ó tún wo ìwé. Ìyá Kọ́mà rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn lọ, òun ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá kà tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ìyá Kọ́mà ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tó ti ń kọ́ni, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí kò dùn mọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé. Ó ń lọ sùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ náà létí.

Ọjọ́ kan wá wà tó ní, "Tún ìpínrọ̀ yẹn kà fún wa." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún un kà. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tó kà lẹ́ẹ̀kíní. Gbólóhùn kan ti pòórá, òmíràn ti yọjú. Ìyá Kọ́mà na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Kò lè kà á, àmọ́ ojú rẹ̀ ò fọ́: ó rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ò kún ìdajì ojú ìwé, bẹ́ẹ̀ kíkà rẹ̀ ti pẹ́. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníkẹ́míìsì tó wà nísàlẹ̀ ilé, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni láyé àtijọ́. Kó ṣáà pè é pé wá bá mi wo ìwé yìí. Àmọ́ ọkùnrin yẹn á bi í pé, "Ojú yín ńkọ́, Màmá?" Kí ló máa fi dá a lóhùn?

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọmọ náà ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bó ṣe ń kà á ni, pé òǹkọ̀wé gidi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ó ń kọ lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní ni. Lẹ́yìn náà ó yọ báírò pupa kúrò nínú irun rẹ̀, ó sì fa àmì sí i.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ ṣe ìdánwò náà, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní òun kọ gbogbo rẹ̀ bí òun ṣe máa ń kọ ọ́ níbí. Ìyá Kọ́mà gbá a mọ́ra.

Ọ̀sán ni èsì jáde. Kíláàsì ò tíì bẹ̀rẹ̀, fáànù nìkan ló ń dá yí orí. Télọ̀ já wọlé láìkanlẹ̀kùn, téèpù lọ́rùn, fóònù lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ó ti jáde! Ẹ bá mi kà á."

Ẹnu Ìyá Kọ́mà ò tàsé. "Kí lo wá ń gbé e fún mi sí? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, dìde dúró dáadáa, kà á sókè fún wa."

"Rárá o!" Télọ̀ na ọwọ́ sí àárín wọn. "Kì í ṣe ẹnu yìí! Ẹnu yìí ti kà á fún mi rí. Oníkẹ́míìsì ní kí n gbé e wá kóun wò ó, mo kọ̀, mo ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin, Màmá. Tiyín ni mo máa gbà gbọ́."

Ó gba fóònù náà. Àwọn àmì kéékèèké ń tàn níbẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó wo ọmọ náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dorí kodò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí sálúbàtà, ó sì lẹ ètè mọ́ra wọn. Bó bá jẹ́ inú ìwé ìtàn ni ọmọbìnrin kan ti dúró báyìí, Ìyá Kọ́mà ì bá ti sọ ohun tó ń ṣe é fún yín, ì bá sì gbé ìka lé e. Àmọ́ àwọn àròkọ yẹn ló ń dún létí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí tí atukọ̀ fi dákẹ́ ò lè fìdí rẹmi, ó wí nínú ara rẹ̀.

"Ó yege," ó ní. "Télọ̀, ọmọ rẹ yege dáadáa."

Ọkùnrin náà pariwo. Ó di orí ara rẹ̀ mú, ó di ti ọmọ rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n má lọ ibì kankan, òun ń lọ gbé aṣọ wá. Wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọdá títì, tó ń pariwo fún ẹni tó ń fọ ọkọ̀, fún oníkẹ́míìsì, fún ẹni tí kò mọ̀ rí, pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé ojú sókè.

"Mà, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo rí."

"Ẹ gbé ìka lé e kí n rí i."

Ìyá Kọ́mà wò ó. Kò sí àrífín nínú ohùn ọmọ náà, ìbéèrè ni. Ìka rẹ̀ rìn lórí fóònù, ó sì balẹ̀ síbì kan.

"Ọjọ́ ìbí mi nìyẹn, mà," ọmọ náà ní. Ó mú ìka ìyá àgbàlagbà náà, ó rọra sún un wá sísàlẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì rèé. F ló wà níwájú rẹ̀. Lẹ́tà máa ń dà rú mọ́ mi lójú, àmọ́ F, mo mọ ìyẹn. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ti pẹ́."

Ìyá Kọ́mà fẹ́ jókòó, kò rí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ wá a kó tó rí i.

"Àwọn àròkọ rẹ ńkọ́?" ó ní.

"Kò sí nǹkan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ máa ń pé lẹ́nu mi, bó bá dórí ìwé á fọ́nká. Mo kàn ń to lẹ́tà tí mo bá rántí ni." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rí i, mà. Mo ní ẹni tó ń bá èèyàn jà lórí kọ́mà, bó bá rí èyí, á mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹ gbà á, ẹ wò ó látòkè délẹ̀. Ẹ wá máàkì í. Pupa, pupa, pupa. Mo délé, mo wò ó títí. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn. Mo ní bóyá èmi ni mò ń pe ara mi ní òmùgọ̀ látẹ̀yìn wá."

Òwe kan ti dé ẹnu Ìyá Kọ́mà, pé ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e mì. Ọmọ yìí ṣípá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó wá ló ń ṣípá, ó ń na ìwé náà sí i lójú. Lókè àpótí ìwé, páálí kan wà níbẹ̀ tí eruku ti bò, àwọn lẹ́tà ńláńlá tó fi aṣọ ṣákiṣàki gé ló wà nínú rẹ̀, tó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tí lẹ́tà ń dà rú mọ́ lójú fi ìka tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí orí wọn á fi gbà á. Kò pọ̀ níye, àmọ́ ó ti kọ́ wọn. Oníkẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé wà lára wọn.

"Mi ò lè kàwé mọ́," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu nìyẹn. "Àìsàn ló kó o lọ. Kó o tó dé ibí."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. Ó wo àwọn ìwé láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ó wo báírò tó wà nínú irun obìnrin náà.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wá mú mi," ó ní.

Ojú ti Ìyá Kọ́mà débi pé kò lè wo ọmọ náà. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, wọ́n gbọ́ bàtà Télọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ti ya ọ̀rá kúrò lára aṣọ náà lójú ọ̀nà. Aṣọ náà funfun báláú, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó na téèpù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, Màmá, ó ti ga jù ú lọ! Kò séwu, kò séwu. Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí rẹ̀, mo máa tú u." Ó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ti mú abẹ́fẹ́lẹ́ jáde, ó ń wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n lásán. Ìyá Kọ́mà ló ń wò.

Bí òun náà bá dákẹ́, ẹnu géètì ni ọkùnrin yìí á tún ti gbọ́ ọ, á sì rò pé ọmọ òun ló tún tan òun àti Màmá. Ìyá Kọ́mà mọ̀ ọ́n dájú. Ó yọ báírò pupa kúrò nínú irun rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Télọ̀," ó ní, "má tíì tú aṣọ yẹn. Dìde, wá jókòó. Irọ́ tí wọ́n tún pa fún ọ lónìí yìí, kì í ṣe ẹnu ọmọ rẹ ló ti jáde."

Télọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó jókòó.